Awólọ́wọ̀ ò rí sikọ́láṣíìpù gbà kó tó di lọ́yà

Tí èsì JAMB bá ti jáde báyìí, ọ̀rọ̀ catchment ló máa ń gba Ìlódè kan. Àwọn òbí á máa ṣírò máàkì ọmọ wọn, pàápàá tó bá jẹ́ pé ìmọ̀ òfin lọmọ fẹ́ kà ní OAU tí ò jìnnà sí wa rárá. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ilé ìwé yẹn, ẹni ọdún márùndínlógójì ni kó tó ráyè lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1909 ni wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Bàbá ẹ̀ kú ní 1920, ọmọ ọdún mọ́kànlá péré ni. Látìgbà yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló fi ń rán ara ẹ̀ nílé ìwé: ó pọnmi, ó ṣẹ́gi tà. Ó dé Wesley College n'Ibadan ní 1927, kò pẹ́ níbẹ̀. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe oníròyìn, ó ra kòkó, ó fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò. Òwò yẹn dá gbèsè sí i lọ́rùn. Síbẹ̀ ó ń kàwé lálẹ́, inú ilé ló jókòó sí tó fi gba oyè B.Com ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944.

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ lọ́yà ní Nàìjíríà nígbà náà. Ọdún 1962 ni Nigerian Law School ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe lọ́yà, àfi kó wọkọ̀ ojú omi, bí Sapara Williams ti ṣe ṣáájú tó fi di lọ́yà ní 1879. Ìjọba ò fún Awólọ́wọ̀ ní sikọ́láṣíìpù. Owó ara ẹ̀ ló ṣa jọ, ó fi ìyàwó ẹ̀, HID, àtàwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀, obìnrin náà sì ń ṣòwò kí ilé má bàa dàrú. Inner Temple ló wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. (Jíjẹun alẹ́ ní gbọ̀ngàn wọn wà lára ohun tí wọ́n fi ń ka sáà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni.) Ó di lọ́yà ní oṣù kọkànlá 1946. Láàárín kan náà, ní 1945, òun àtàwọn kan ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ níbẹ̀, owó ìrànwọ́ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ dá a.

Nígbà tó di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó lé ní 450,000 lọ́dún tó ṣáájú fò sókè, wọ́n lé ní 800,000. Owó orí tí wọ́n fi gbé e ró bí àwọn èèyàn nínú gan-an.

Láti 1967 dé 1975, òun ni Ṣánsẹ́lọ̀ Yunifásítì Ifẹ̀. Níbi tá a bá a dé lónìí, nínú ọgọ́rùn-ún ààyè, 45 wà fún máàkì, 35 fún catchment, 20 fún ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ò tíì rinlẹ̀. Èmi náà jàǹfààní catchment, mi ò ní purọ́. Àmọ́ abala 318 ìwé òfin 1999 sọ pé ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí tàbí òbí àgbà ẹ̀ kan wá láti ìlú kan níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìlódè, tó ń sọ Ifẹ̀ ju èmi lọ, tí bàbá ẹ̀ wá láti Benue, àlejò ni. Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ míì á tún bu owó lé e. Ní Amẹ́ríkà, ibi téèyàn ń gbé ni wọ́n fi ń dín owó ilé ìwé kù. Inner Temple ò béèrè ìlú bàbá Awólọ́wọ̀, owó àti ìdánwò ni wọ́n béèrè, owó yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i lọ́nà.

Ìkẹ́nnẹ́ ló kú sí, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún 1987. Láìpẹ́ sígbà náà nìjọba ológun fi orúkọ ẹ̀ pe Yunifásítì Ifẹ̀.