Dijkstra, ọkùnrin tó kọ́ iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń dúró de ara wọn

Àwọn tó mọ ibùdókọ̀ rélùwéè Ifọ̀ láyé àtijọ́ mọ̀ pé oríta ni: níbẹ̀ ni ojú irin tó ń lọ sí Ìlaró ti yà kúrò lára èyí tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Níbi tí ojú irin bá ti jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ọkọ̀ méjì kò gbọdọ̀ jọ wọ ibẹ̀. Láyé ìgbà náà, apá irin tó wà lórí òpó ló máa ń sọ fún awakọ̀ bóyá kó dúró tàbí kó máa bọ̀. Semaphore ni àwọn òyìnbó ń pe àmì yìí, orúkọ rẹ̀ sì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Edsger Wybe Dijkstra yá, nígbà tó ń wá ọ̀nà tí iṣẹ́ púpọ̀ kò fi ní í forí gbárí nínú kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún, ọdún 1930 ni wọ́n bí i sílùú Rotterdam, lórílẹ̀-èdè Netherlands. Onímọ̀ kẹ́místírì ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì mọ ìṣirò dunjú. Físíìsì ló kọ́ ní Yunifásítì Leiden, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló gbà á lọ́kàn, iṣẹ́ náà ló sì bẹ̀rẹ̀ l'Amsterdam lọ́dún 1952. Iṣẹ́ ọ̀hún ṣàjèjì nígbà náà débi pé nígbà tó gbéyàwó lọ́dún 1957, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn, àwọn aláṣẹ kọ̀ láti kọ ọ́ sínú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀. Onímọ̀ físíìsì ló padà wà níbẹ̀.

Lọ́dún 1962, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Eindhoven. Níbẹ̀ lòun àtàwọn ènìyàn díẹ̀ ti ṣe ètò tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan máa bá iṣẹ́ púpọ̀ lọ pa pọ̀. Ewu ibẹ̀ kò kéré. Ká ní tọkọtaya kan jọ ń lo àkáǹtì tí ₦10,000 wà nínú rẹ̀. Ọkọ wà ní Mowe, ìyàwó wà ní Ibafo, àwọn méjèèjì sì béèrè ₦8,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iṣẹ́ méjèèjì bá jọ wo àkáǹtì náà, ₦10,000 ni kálukú yóò rí, wọn yóò sì jọ sanwó. ₦6,000 ti wọgbó nìyẹn.

Dijkstra wá fi nọ́ńbà kan síbi tí gbogbo iṣẹ́ ti lè rí i. Èyí tó bá fẹ́ wọlé yóò yọ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ òdo ló bá, yóò lọ sùn. Èyí tó bá parí tirẹ̀ yóò dá ẹyọ kan padà, èyí tó ń sùn yóò sì jí. Àmì event tó wà nínú Windows, èyí tí iṣẹ́ kan fi ń ta òmíràn tó ń dúró jí, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni.

Lọ́dún 1972, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Turing, èyí tó ga jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 1984 títí di 1999, Yunifásítì Texas, nílùú Austin, l'Amẹ́ríkà, ló ti ń kọ́ni. Kàlámù oníyíǹkì ló fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó lé ní 1,300. Ó gbàgbọ́ pé dídán ètò wò lè fi àṣìṣe hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi hàn láé pé kò sí àṣìṣe. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí wọ́n ro ó délẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́, nítorí iṣẹ́ méjì lè kọjá lára ara wọn láìséwu nígbà ẹgbẹ̀rún, kí wọ́n tó kọlu ara wọn lọ́jọ́ kan.

Àìsàn jẹjẹrẹ ló pa á nílùú Nuenen, lórílẹ̀-èdè rẹ̀, lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kẹjọ, ọdún 2002. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni. Àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó lò ní Eindhoven ti kógbá sílé tipẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà òde òní ṣì ń dúró de ara wọn bó ṣe kọ́ wọn.