H. G. Wells: Òǹkọ̀wé tó kó àwọn ará Máàsì wọ̀lú, tó sì ń to ṣọ́jà òjé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì kan. Ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó tì í. Búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ère ṣọ́jà kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju àtàǹpàkò lọ wà lọ́wọ́ kejì. Ó ti kọ́kọ́ fún ọ̀dà dúdú sí i látòkè délẹ̀, kí àwọ̀ tó ń bọ̀ lórí ẹ̀ lè dì mọ́ ọn. Ó fi búlúù kun ìhámọ́ra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá fi omi la ọ̀dà tó dúdú díẹ̀, ó tọ́ ọ sí i lára, kó lè ṣàn wọ inú gbogbo kọ̀rọ̀ ère náà bí òjìji. Tó bá gbẹ tán, á tún fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fa etí ìhámọ́ra náà, kó lè dà bí ìgbà tí oòrùn ń tàn sí i. Ojú ló máa ń dá èèyàn lágara jù, torí ẹyinjú kan ò tó orí abẹ́rẹ́. Bó bá parí ẹyọ kan, ó lè ku aadọ́ta nílẹ̀. Ọmọ ogun inú ìtàn sì ni gbogbo wọn, àwọn tó ń jà láàárín ìràwọ̀ ní ìgbà tí ayé ò tíì dé.

Àwọn tó ń ṣe eré yìí pọ̀ káàkiri ayé lónìí, ẹ sì lè rí fídíò wọn lórí YouTube. Àgbàlagbà ló pọ̀ nínú wọn o, kì í ṣe ọmọdé. Ẹni tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dúró sí orísun méjèèjì: ìtàn ogun àwọn ará òfuurufú, àti kíkó ọmọ ogun kéékèèké jagun nínú ilé. H. G. Wells ni.

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1866 ni wọ́n bí Herbert George Wells sí Bromley, ní agbègbè Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bertie ni wọ́n ń pè é nílé. Bàbá rẹ̀, Joseph, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ti ń ta àwo tánganran àti ohun èlò kíríkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ọjà ò tà. Kíríkẹ́ẹ̀tì tó ń gbá gbowó ló fi ń gbé ilé ró. Ìyá rẹ̀, Sarah, ti ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn ọlọ́lá rí. Nígbà tí Bertie wà lọ́mọ ọdún méje, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Wọ́n ń kó ìwé wá fún un lórí ibùsùn, ibẹ̀ ni ìwé kíkà ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá náà kán lẹ́sẹ̀, ni owó kíríkẹ́ẹ̀tì bá dáwọ́ dúró. Ìyá padà sí iṣẹ́ ilé olówó, wọ́n sì fi Bertie kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Southsea. Láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú ló ń ká aṣọ, tó ń tú aṣọ. Ó kórìíra rẹ̀ dé egungun. Ó bẹ ìyá rẹ̀ títí tó fi jẹ́ kó kúrò níbẹ̀, ó lọ ń ṣe olùkọ́ kékeré níléèwé kan, ó sì yege ìdánwò tó fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní London lọ́dún 1884. Thomas Huxley, ògbóǹtarìgì onímọ̀ nípa ohun alààyè, ló kọ́ ọ níbẹ̀.

Ẹni tó mọ sáyẹ́ǹsì tó sì mọ ìyà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. The Time Machine jáde ní 1895, The Invisible Man ní 1897, The War of the Worlds sì di ìwé ní 1898. Woking ló ń gbé nígbà tó ń ro ti ará Máàsì yìí. Á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ káàkiri àdúgbò, á máa wo ilé táwọn àjèjì náà máa dáná sun. Nínú ìtàn náà, àwọn ará Máàsì bọ́ láti òfuurufú, wọ́n gun ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ga ju ilé lọ, wọ́n ń fi ìtànṣán oníná jó èèyàn di eérú. Ìbọn àgbá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ò tó nǹkankan. Kòkòrò àìfojúrí tí kò jọ ẹnì kankan lójú ló pa àwọn àjèjì náà nígbẹ̀yìn.

Ohun tó jẹ́ kí ìwé yìí kàn wá ni pé Wells ò fi bò rárá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ló ti rán àwọn ará ilé rẹ̀ létí ohun táwọn aláwọ̀ funfun fojú àwọn ọmọ onílẹ̀ Tasmania rí. Ìbéèrè tó ń bi wọ́n ni pé, bí ẹlòmíì bá wá ṣe é fún wa ńkọ́? Ọdún mẹ́fà péré ló wà láàárín ìwé yẹn àti ogun Ìmágbọ̀n ní 1892, níbi tí ìbọn Maxim ti sọ̀rọ̀ fáwọn ará Ìjẹ̀bú. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn á mọ irú ojú tó fi máa ka ti ará Máàsì.

Ìwé sọ ọ́ dolówó. Ó kọ́ ilé sí Sandgate létí òkun, ìyàwó rẹ̀ kejì, Amy Catherine, tó ń pè ní Jane, bí ọmọkùnrin méjì fún un: George Philip tí wọ́n ń pè ní Gip ní 1901, àti Frank ní 1903. Ká má purọ́, kì í ṣe ọkọ tó ṣe é fọkàn tán, obìnrin rẹ̀ níta pọ̀. Àmọ́ tó bá di ká bá ọmọ ṣeré, bàbá ni. Á dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú wọn, wọ́n á fi pákó kọ́ ìlú, wọ́n á to èèyàn àti ẹranko sínú rẹ̀. Ó kọ ìwé kan lórí eré yìí, Floor Games, ní 1911. Níbẹ̀ ló ti ń ráhùn pé ṣọ́jà ṣáá làwọn tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ń ṣe, wọn ò ṣe ará ìlú tó pọ̀ tó.

Ṣọ́jà òjé ló wà lọ́jà nígbà náà lóòótọ́. Láti 1893 ni ilé iṣẹ́ William Britain ní London ti rí ọgbọ́n dá wọn ní oníhò nínú. Òjé gbígbóná ni wọ́n ń dà sínú àwòkọ́ irin, wọ́n á da èyí tí kò tíì dì nínú rẹ̀ jáde, kìkì èèpo ẹ̀yìn á ṣẹ́ kù. Òjé tó ń lọ síbẹ̀ kéré, owó rẹ̀ wálẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kùn wọ́n níkọ̀ọ̀kan, obìnrin ló sì pọ̀ nídìí iṣẹ́ ọ̀dà yẹn: ẹ̀wù pupa, ṣòkòtò dúdú, àmì kékeré méjì lójú, ó tán. Àwọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Tí ogun méjì bá ti dàpọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọ̀ lo fi máa mọ tìẹ.

Britain kan náà ṣe ìbọn àgbá kékeré kan tó ní sípíríǹgì nínú, tó ń ta igi pénpé. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àlejò Wells kan, tí ọ̀pọ̀ gbà pé òǹkọ̀wé Jerome K. Jerome ni, gbé ìbọn náà, ó yìn ín sí ṣọ́jà kan, ó sì gbé e ṣubú. Ó ní kí Wells náà gbìyànjú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wells bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin: ẹlẹ́sẹ̀ á rin ẹsẹ̀ bàtà kan lẹ́ẹ̀kan, ẹlẹ́ṣin á rin méjì. Ìbọn àgbá ò lè yìn àfi tí èèyàn mẹ́rin bá wà nítòsí rẹ̀. Kò sí pé à ń ju ẹyọ bíi ti lúdò, ẹni tó bá mọ ìbọn ín ta ló ń pa. Aago ló sì ń ka àkókò, kí ẹnì kan má baà jókòó máa ronú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn ológun Prussia ti ń fi irú eré bẹ́ẹ̀ kọ́ṣẹ́ ogun tipẹ́, àmọ́ lójú Wells, tiwọn ti wúwo jù, kò dùn. Tirẹ̀ jáde ní 1913, Little Wars lorúkọ ìwé náà, ó sì fi fọ́tò ogun náà sí i. Ẹ wo àgbàlagbà tó lórúkọ káyé lórí ìkúnlẹ̀ láàárín ṣọ́jà òjé!

Ìparí ìwé yẹn ló yani lẹ́nu jù. Ó ní ogun kékeré yìí kì í pa ọmọ ẹnikẹ́ni, kì í sì í sọ ilé di ahoro. Ó ní ẹni tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin á rí i fúnra rẹ̀ bí ogun gidi ṣe jẹ́ ìwà agọ̀ tó, nígbà tó jẹ́ pé nínú eré pàápàá, ètò olórí ogun kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ sí i bó ṣe rò.

Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kẹjọ 1914, ogun gidi dé. Kí ni Wells ṣe? Ó gbé kálámù, ó ń sọ fáwọn èèyàn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn pé ogun tó máa fòpin sí ogun nìyí. Èmi ò lè gbè é lẹ́yìn níbí. Ẹni tó ti rí òtítọ́ náà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ara rẹ̀, tó tún kọ ọ́ sílẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ òun ló máa lùlù fún un. Ní 1916 ó lọ sójú ogun ní Faransé àti Ítálì, ó rí i bó ṣe rí. Lọ́dún yẹn náà ni ọkọ̀ ogun onírin kọ́kọ́ jáde ní Somme, irú èyí tó ti fi ọkàn yà sínú ìtàn kan tó kọ ní 1903. Nígbà tó yá, gbólóhùn ogun tó máa fòpin sí ogun di ohun tí wọ́n fi ń bú u.

Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ rédíò ò lè fo èyí tó kù yìí. Lálẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹwàá 1938, Orson Welles, ọ̀dọ́ òṣèré kan, ṣe ìtàn ará Máàsì lórí rédíò CBS ní Amẹ́ríkà bíi pé ìròyìn gan-an ló ń kà. Àwọn kan gbà á gbọ́, ẹ̀rù bà wọ́n. Ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì ní gbogbo Amẹ́ríkà ló ń sá kìjokìjo, ṣùgbọ́n àwọn tó ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ní àsọdùn pọ̀ nínú ẹ̀. Wells kọ́kọ́ bínú. Ní 1940, nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní San Antonio, ní Texas, ẹ̀rín ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà rín.

Àtọ̀gbẹ wà lára rẹ̀ nígbà tó dàgbà. Òun àti dókítà R. D. Lawrence ló dá ẹgbẹ́ àwọn tó ní àrùn náà sílẹ̀ ní 1934, ẹgbẹ́ ọ̀hún ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Ó dúró sí London nígbà tí bọ́ǹbù Jámánì ń rọ̀, ó sì kú sílé rẹ̀ ní Hanover Terrace lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù Kẹjọ 1946, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ku díẹ̀ kó pé ọgọ́rin.

Wells fúnra rẹ̀ ò da méjèèjì pọ̀ rí. Ṣọ́jà òjé rẹ̀ kò bá ará Máàsì jà lórí àtẹ́gùn tàbí lábẹ́ àga. Ní 1987 ni Games Workshop gbé Warhammer 40,000 jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré kan téèyàn ti ń to ogun ọjọ́ iwájú láàárín ìràwọ̀ sórí tábìlì. Rọ́bà ti gba ipò òjé báyìí. Kò sì sẹ́ni tó ń kùn ún tán fún ẹ nílé iṣẹ́ mọ́: àwọ̀ eérú ni wàá bá a nínú páálí, ní ègé-ègé, kó o fi gọ́ọ̀mù tò ó fúnra rẹ, kó o sì wá búrọ́ọ̀ṣì.