Alexander Fleming: Ẹni tó rí apakòkòrò nínú ikun imú ara rẹ̀

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ṣubú tí orúnkún rẹ̀ bó, kì í pẹ́ tí ojú egbò náà á fi wú, á pọ́n, á sì gbóná. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara, lọ síbẹ̀ láti bá kòkòrò àìfojúrí jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń kú sójú ìjà náà, òkú wọn sì wà lára ohun tí à ń pè ní ọyún. Ọkùnrin kan wà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wo ìjà yìí. Alexander Fleming lorúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, ọdún 1881 ni wọ́n bí i ní oko Lochfield, nítòsí Darvel, nílẹ̀ Scotland. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ọmọ ọdún méje péré sì ni nígbà tí bàbá náà kú. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi di akọ̀wé níléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní London. Owó ogún díẹ̀ tó kàn án nínú ẹbí ló fi wọ iléèwé ìṣègùn ti ilé ìwòsàn St Mary's ní 1901, ibẹ̀ náà ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n rán òun àti ọ̀gá rẹ̀, Almroth Wright, lọ sí Boulogne nílẹ̀ Faransé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tí ọta ìbọn kò pa ni egbò tó kẹ̀ ń pa níbẹ̀. Oògùn líle tó ń pa kòkòrò làwọn dókítà ń dà sínú egbò. Fleming rí i pé nínú egbò tó jìn, oògùn náà kì í dé kọ̀rọ̀ tí kòkòrò sá sí, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbèjà ara ló ń pa. Ó fi hàn wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà kò yí ọwọ́ padà. Láti ìgbà náà ló ti ń wá ohun tó lè pa kòkòrò láìpa ara.

Ní oṣù Kọkànlá 1921, ọ̀finkìn mú un. Ó mú díẹ̀ nínú ikun imú rẹ̀, ó fi sínú àwo tí kòkòrò ń hù nínú rẹ̀. Nígbà tó padà wò ó, àwọn kòkòrò tó wà nítòsí ikun náà ti yọ́ bí iyọ̀ inú omi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sójú ara rẹ̀ àti sójú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó lè rí omijé. Omijé náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún rí nǹkan kan náà nínú itọ́, funfun ẹyin, wàrà ọmú ìyá àti nínú sẹ́ẹ̀lì funfun.

Ẹ́ńsáìmù ni nǹkan náà, lysozyme ni wọ́n sọ ọ́. Ògiri tó yí kòkòrò ká ló máa ń gé. Omi á ráyè wọlé, kòkòrò náà á bẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tiwa kò ní irú ògiri yẹn, ìdí nìyẹn tí kì í fi pa wá lára. Àmọ́ agbára rẹ̀ kò ká ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń fa àìsàn ńlá, nítorí náà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà á sí.

Ní 1928, nǹkan kan bíi èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu hù sínú àwo rẹ̀, kòkòrò tó wà nítòsí rẹ̀ sì yọ́. Ẹlòmíràn ìbá dà á nù, ṣùgbọ́n Fleming ti rí irú rẹ̀ rí. Bó ṣe rí pẹnisílíìnì nìyẹn. Òun náà ògiri yẹn ló ń bá jà: kì í jẹ́ kí kòkòrò rí i mọ. Florey àti Chain ní Oxford, tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí lysozyme, ló sọ ọ́ di oògùn tó ṣeé lò. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945.

Lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀bùn náà, ó pa ìtàn ọkùnrin kan tí ọ̀fun ń dùn, tó ra pẹnisílíìnì fúnra rẹ̀, tó sì lò ó ní ìlòkulò. Kòkòrò inú rẹ̀ kò kú, ó gbó sí oògùn. Ìyàwó rẹ̀ kó o, oògùn kò ràn án mọ́, ó sì kú. Fleming fúnra rẹ̀ kú ní London ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, 1955.

Ẹ má ṣe da wàrà àkọ́kọ́ tó máa ń pọ́n bí ìyeyè nù. Lysozyme wà nínú rẹ̀. Ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ egbò ọmọ, ẹ má da kẹrosíìnì sí i. Bí wíwú náà bá ń ràn tàbí tí ibà bá dé, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Oògùn apakòkòrò kì í ṣe ohun tí à ń ra ẹyọ méjì mẹ́ta lọ́wọ́ kẹ́mísìtì. Bí dókítà bá ti kọ ọ́, ẹ lò ó bó ṣe ní kẹ́ ẹ lò ó.