Louis Pasteur, Ẹni tí ó Gba Agbo Ẹran Là

Ọmọ oníṣẹ́ awọ ni Louis Pasteur. A bí i ní ìlú Dole, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1822. Ní ìgbà ayé rẹ̀, àrùn anthrax a máa pa àgùntàn àti màlúù ní òjijì. Olówó ẹran a sùn ní ọlọ́rọ̀, a jí ní òtòṣì. Pasteur kìlọ̀ pé kí a má ṣe sin òkú ẹran sí pápá ìjẹko, nítorí ekòló a máa gbé kòkòrò àrùn náà padà sókè ilẹ̀.

Òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ sọ kòkòrò náà di aláìlágbára, kí a lè fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́. Nítorí náà, ní oṣù May 1881, ní Pouilly-le-Fort, wọ́n gún àgùntàn 24, wọ́n sì fi 24 mìíràn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ojúlówó àrùn náà sí gbogbo wọn lára. Bí àwọn tí a gún bá kú, ẹ̀tẹ́ bá Pasteur. Ní ọjọ́ 2 oṣù June, gbogbo wọn ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó parí, gbogbo ìyókù ti kú.

Pasteur kú ní ọdún 1895. Àwa tí a ó kọ́ ọmọ àgbẹ̀ lọ́la, ẹ jẹ́ kí a rántí pé òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.