Henry Brown, ẹrú tó fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ nínú àpótí, tó sì gbé ìtàn ara rẹ̀ lọ sórí ìtàgé

Ẹ̀yin oníṣòwò wa tó ń kó ẹrù láti Kétu lọ sí Kútọnu, ẹ mọ̀ pé aláàárù kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Bí ẹ bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé apá ibí ni kó wà lókè, wọ́n lè dorí rẹ̀ kodò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹrù Henry Brown nìyẹn ní oṣù kẹta ọdún 1849, àmọ́ Brown fúnra rẹ̀ ni ẹrù náà.

Nǹkan bí ọdún 1815 ni wọ́n bí i sóko ẹrú ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí olówó rẹ̀ kú, wọ́n pín òun àtàwọn ẹbí rẹ̀ bí ogún, wọ́n sì mú un lọ sílé iṣẹ́ tábà ní ìlú Richmond. Ọmọ ọdún 15 péré ni. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Nancy, tó jẹ́ ẹrú ẹlòmíràn. Brown ń san owó fún olówó ìyàwó rẹ̀ kó má bàa tà á. Ọkùnrin náà gba owó, ó sì tún ta obìnrin ọ̀hún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1848, wọ́n kó Nancy tòun toyún àti ọmọ mẹ́ta lọ sí North Carolina. Brown dúró sẹ́bàá ọ̀nà títí wọ́n fi kó wọn kọjá, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó sì bá a rìn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà kí wọ́n tó já wọn gbà. Kò tún fojú kàn wọ́n mọ́.

Ẹ̀yìn èyí ló pinnu láti sá. Ó fún Samuel Smith, òyìnbó kan tó ń ṣe bàtà, ní dọ́là 86. James Smith, adúláwọ̀ tí kì í ṣe ẹrú, náà ràn án lọ́wọ́ (àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹbí o). Brown da ásíìdì sí ọwọ́ ara rẹ̀ kí wọ́n lè yọ̀ǹda rẹ̀ níbi iṣẹ́. Àpótí igi tí wọ́n kàn kò tó mítà kan ní gígùn, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 61, gíga rẹ̀ 81. Ó mú omi àti bisikíìtì díẹ̀ dání, pẹ̀lú irin tó lè fi lu igi bí kò bá rí èémí mí. Wọ́n kàn án pa, wọ́n kọ àdírẹ́sì Philadelphia sí i, ìlú tí wọn kì í ti í kó ẹrú.

Wákàtí 27 ló lò lójú ọ̀nà: nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, nínú ọkọ̀ ojú irin, nínú ọkọ̀ ojú omi. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti dorí rẹ̀ kodò. Ẹ̀jẹ̀ rọ́ wá sórí, ojú rẹ̀ fẹ́ yọ síta, kò sì gbọdọ̀ ké. Ọkùnrin méjì tó ń wá ibi jókòó ló yí àpótí náà padà láìmọ̀, tí wọ́n sì jókòó lé e. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n ṣì ń kó àwọn èèyàn wa gba etíkun Ouidah lọ sí Brazil. Ṣùgbọ́n ní ti Brown, òun ló wọ inú àpótí fúnra rẹ̀ kó lè bọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí i, ó dìde, ó sì kọ orin Sáàmù kan tó ti yàn sílẹ̀. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni eré rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti tẹ ìwé ìtàn ara rẹ̀ jáde. Ní oṣù kẹrin ọdún 1850, ó gbé aṣọ gígùn kan tí wọ́n ya àwòrán oko ẹrú sí wá sí Boston. Wọ́n ń ká aṣọ náà díẹ̀díẹ̀ níwájú àwọn òǹwòran, Brown sì dúró tì í, ó ń ṣàlàyé ohun tójú rẹ̀ rí. Sinimá ayé ìgbà náà nìyẹn.

Gbogbo èèyàn kọ́ ni inú wọn dùn. Frederick Douglass, tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí, bínú pé wọ́n tú àṣírí ọ̀nà tí àwọn mìíràn ì bá gbà sá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1849, ọwọ́ ti tẹ Samuel Smith níbi tó ti tún fẹ́ fi àwọn ẹrú mìíràn ránṣẹ́ nínú àpótí, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Ọ̀rọ̀ Douglass tọ́. Àmọ́ ìtàn yẹn nìkan ni ohun ìní tí Brown gbé jáde kúrò ní Richmond. Kí ni kó tún tà jẹun?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1850, wọ́n lù ú ní ìgboro Providence. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìjọba ṣe òfin tó fún àwọn olówó ẹrú láṣẹ láti mú ẹni tó bá sá níbikíbi tó bá wà ní Amẹ́ríkà. Ó bá ọkọ̀ lọ sí Ìlú Ọba, níbi tó ti lo ọdún 25. Lọ́dún 1851, ó tún wọ inú àpótí, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú irin láti Bradford lọ sí Leeds, ó sì jáde lójú àwọn òǹwòran. Nígbà tí oníwèé ìròyìn kan ní Wolverhampton bà á lórúkọ jẹ́, ó pè é lẹ́jọ́, ó sì gba 100 pọ́ùn.

Ọdún 1851 yẹn náà ni òun àti James Smith jà, tí wọ́n sì pínyà. Owó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tó wúwo jù ni pé Brown láǹfààní láti ra ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ padà, kò sì ṣe é. Alaalẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ Nancy lórí ìtàgé. Àwa kò lè gbèjà rẹ̀ lórí èyí.

Ó fẹ́ Jane, ọmọbìnrin ará Cornwall, lọ́dún 1855. Nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1875, idán ló ń pa, ó sì ṣì máa ń wọ inú àpótí. Jane àti àwọn ọmọ wọn ń bá a ṣeré. Toronto, ní Kánádà, ló kú sí lọ́dún 1897.