Dúró Ládiípọ̀: Bí Eré Òkèèrè Ṣe Di Ọmọ Onílé

Kò sí ọmọ Òkè-Ògùn tí kò gbọ́ ìtàn Ìgbòho, níbi tí àwọn Aláàfin fi ṣe ibùjókòó lẹ́yìn tí ogun Tápà lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ padà sílé, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ ìrìnàjò náà rán àwọn abuké àti àfín ṣíwájú, pé kí wọ́n ṣe bí iwin nínú ahoro kí ẹ̀rù lè ba ọba. Ọba rán ọdẹ lọ, ọdẹ sì mú wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀. Ìtàn yìí ni Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe eré ní 1962, nígbà tí wọ́n ṣí ilé ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó wo ìgbésí ayé rẹ̀, kí a lè rí i pé bí ó ṣe mú ìtàn ilé náà ni ó ṣe mú eré òkèèrè.

Òṣogbo ni a ti bí i. Òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, eré egúngún àti ọdún Ṣàngó kò yéé fa ọmọ náà lọ́kàn. Nígbà tí ó dàgbà, ó di olùkọ́. Ní 1961, ó ṣe orin Àjíǹde fún ìjọ, ó sì fi ìlù ilẹ̀ wa sí i. Àwọn kan kọ̀ jálẹ̀: lójú wọn, ìlù abọ̀rìṣà kò yẹ ilé Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà le fún un. Bí ó bá fi ìlù sílẹ̀, ìjọ yóò gbà á. Bí ó bá di ìlù mú, àfi kí ó wá ibòmíràn tí yóò ti lù ú. Ó di ìlù mú.

Ibi tí ó rí ni orí ìtàgé. Ọba Kò So jáde ní 1963, Ọba Wàjà sì tẹ̀ lé e ní 1964. Òun fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó, Abíọ́dún aya rẹ̀ sì ni Ọya. Wọ́n gbé Ọba Kò So dé Berlin ní 1964 àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965.

Èyí tí ó kàn wá jù ni Ẹ̀dá. Orírun rẹ̀ ni Everyman, eré ìsìn Kristẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní láti nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Hugo von Hofmannsthal, ará Austria, tún un ṣe ní èdè Jámánì ní 1911. Nínú eré náà, ikú ránṣẹ́ pe ọlọ́rọ̀ kan. Ọ̀rẹ́ sá, ẹbí sá, owó kọ̀ láti bá a lọ. Iṣẹ́ rere nìkan ni ó sìn ín dé ibojì. Ládiípọ̀ kò túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Orúkọ tí ó sọ ọ́ jẹ́ ẹ̀rí: ẹni tí ó bá gbọ́ ẹ̀dá ti rántí Ẹlẹ́dàá. Ó fi orin àti ìlù gbé e kalẹ̀. Báyìí ni ìlù tí wọ́n kọ̀ ní ìjọ ṣe padà wá ṣe ìwàásù ìjọ lórí ìtàgé.

Àwọn ará Íńdíà náà ti rìn ní irú ọ̀nà yìí nínú fíìmù. Vishal Bhardwaj mú Macbeth ti Shakespeare, ó sọ ọ́ di Maqbool ní 2003 láàárín àwọn ọ̀daràn ìlú Mumbai. Ó mú Othello, ó sọ ọ́ di Omkara ní 2006 ní ìgbèríko Uttar Pradesh.

Ládiípọ̀ papò dà ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, 1978. Ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ kò ṣàjèjì sí ahunṣọ Ìsẹ́yìn. Láti òkèèrè, gba inú aṣálẹ̀, ni òwú àlàárì ti ń wá láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n orí òfì ni ó ti ń di aṣọ Yorùbá. Kí olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní eré Gẹ̀ẹ́sì ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn lónìí má bẹ̀rù òwú àlejò. Kí ó sáà rí i pé òfì òun wà ní ìdúró.