Patrick Steptoe: Dókítà tó ń fi òru ṣọ́ ẹyin obìnrin

Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ inú ìgò, Louise Brown, tí wọ́n bí lọ́dún 1978, ni orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn. Àwọn tó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ a tún dárúkọ Robert Edwards, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Cambridge tó gba ẹ̀bùn Nobel. Ṣùgbọ́n ẹyin tí Edwards fi ṣiṣẹ́ ńkọ́, ta ló bá a mú un jáde láti inú obìnrin? Patrick Christopher Steptoe ni, dókítà àwọn obìnrin ní Oldham, ìlú àwọn ahunṣọ nítòsí Manchester.

Agbègbè Oxford ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà, ọdún 1913. Ọwọ́ rẹ̀ dùn lórí dùùrù tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ́mọdé ló ti ń tẹ̀ ẹ́ nílé sinimá, láyé ìgbà tí fíìmù kò tíì ní ohùn. Ọdún 1939 tó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní St George's ní London náà ni ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀, ló bá di dókítà àwọn ológun ojú omi. Lọ́dún 1941, ọkọ̀ rẹ̀ rì nítòsí erékùṣù Crete, àwọn ará Ítálì sì mú un lẹ́rú ogun. Kò jókòó jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Ó ń ran àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ láti sá, wọ́n sì torí ẹ̀ tì í mọ́ yàrá òun nìkan. Ọdún 1943 ni wọ́n tó fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹlẹ́wọ̀n.

London ló wù ú kó ti di ọ̀gá dókítà, àyè kò yọ fún un, ó sì gba Oldham lọ lọ́dún 1951. Nígbà náà, bí dókítà bá fẹ́ mọ ohun tó dí ọ̀nà ẹyin obìnrin tó ń wá ọmọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń ní láti la ikùn rẹ̀. Steptoe gbọ́ pé Raoul Palmer ní Paris ń lo awò tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, tó ní iná, tí wọ́n ń gba ihò kékeré lẹ́bàá ìdodo tì bọ inú. Ó tọ̀ ọ́ lọ, ó kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fojú tín-ín-rín irinṣẹ́ náà, òun kò wojú wọn. Lọ́dún 1967, ó kọ odidi ìwé lé e lórí.

Ní Cambridge, ìṣòro tiẹ̀ ni Edwards ń bá yí. Ẹyin obìnrin tí kò gbó kò ṣeé dà pọ̀ mọ́ àtọ̀. Gregory Pincus, ògbóǹtarìgì ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wákàtí 12 tó fún ẹyin láti gbó lẹ́yìn ara. Edwards gbà á gbọ́, ó sì fi ọ̀pọ̀ ẹyin ṣòfò kó tó rí i pé ó tó bíi wákàtí 36 sí 37. Ọdún 1965 ló kéde rẹ̀. Kékeré kọ́ ni àṣìṣe ńlá èèyàn máa ń ná àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Síbẹ̀, ẹyin tó gbó nínú àwo kò lágbára tó. Ẹ wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gé ní tútù tí wọ́n dì sínú àpò kó lè pọ́n: yóò pupa, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kò tó ti èyí tó pọ́n lórí igi. Ẹyin tó gbó nínú obìnrin gan-an ni Edwards ń wá, awò Steptoe nìkan ló sì lè débẹ̀ láìla ikùn. Àwọn méjèèjì pàdé lọ́dún 1968.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á fún obìnrin lábẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe láti inú ìtọ̀ àwọn ìyá tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró, kí ẹyin bíi mélòó kan lè dàgbà pọ̀. Wọ́n á wá gún un ní abẹ́rẹ́ mìíràn tó ń mú kí ẹyin gbó. Láti ìgbà náà, aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí Steptoe bá yá jù, tútù ló máa bá. Bó bá fi pẹ́ kọjá wákàtí 36 díẹ̀, àpò ẹyin ti bẹ́, ẹyin ti lọ. Ṣáájú ìbẹ́ yẹn gan-an ló ń fi abẹ́rẹ́ fa omi inú àpò náà jáde, tí Edwards àti nọ́ọ̀sì Jean Purdy á sì máa wá ẹyin nínú rẹ̀.

Àjọ ìjọba tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ ìwádìí ìṣègùn kọ̀ láti fún wọn lówó lọ́dún 1971. Ilé-ìwòsàn kékeré kan, Kershaw's, nítòsí Oldham ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Láàárín ọdún 1969 sí 1978, obìnrin 282 ló fi ara wọn sílẹ̀, ìgbà 457 ni Steptoe wọlé wá ẹyin, oyún márùn-ún péré ló dúró, ọmọ méjì ló wáyé. Àwọn yòókù padà sílé lọ́wọ́ òfo, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ìrora tiwọn wà nínú ohun tí ayé ń jẹ lónìí.

Nígbà tó yá, wọ́n fura pé àwọn oògùn náà ló ń da ilé-ọmọ rú. Wọ́n pa wọ́n tì, wọ́n gbára lé ẹyin kan ṣoṣo tí ara ń ṣe lóṣù. Ìyẹn gba pé kí wọ́n máa yẹ ìtọ̀ obìnrin wò tọ̀sán-tòru, kí wọ́n lè mọ wákàtí tí ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Bó bá bọ́ sí ọ̀gànjọ́, Steptoe á dìde. Báyìí ni wọ́n ṣe mú ẹyin kan jáde lára Lesley Brown, ará Bristol tí ọ̀nà ẹyin rẹ̀ dí, ní ọjọ́ 10, oṣù Kọkànlá, ọdún 1977. Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo méjìlá òru lù ní ọjọ́ 25, oṣù Keje, ọdún 1978, Steptoe fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí Louise. Ọmọ náà wọn kìlógíráàmù 2.6.

Ẹni ọdún 65 ni nígbà náà, ó di dandan kó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Òun àti Edwards pẹ̀lú Purdy wá owó níbòmíràn, wọ́n sì ṣí Bourn Hall nítòsí Cambridge lọ́dún 1980. Purdy kú lọ́dún 1985, ẹni ọdún 39 péré. Àrùn jẹjẹrẹ pa Steptoe ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹta, ọdún 1988. Nígbà tí ẹ̀bùn Nobel dé lọ́dún 2010, Edwards nìkan ló gbà á, nítorí wọn kì í fún òkú.

Awò Steptoe kọ́ ni wọ́n fi ń mú ẹyin mọ́ lọ́pọ̀ ibi báyìí. Abẹ́rẹ́ gígùn kan ni, ojú ara obìnrin ló ń gbà wọlé, ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ló sì ń fọ̀nà hàn án. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ṣì ń gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin gbó lálẹ́, wọ́n ṣì ń ka wákàtí, wọ́n ṣì ń wọlé kí àpò ẹyin tó bẹ́.